Pákó Tó Jinná àti Èyí Tí Kò Jinná

3.

…nítorí náà kò tilẹ̀ wo àárín pákó náà. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó di ojú, ó mí kanlẹ̀. Káfíńtà dúró tì í pẹ̀lú ayùn lọ́wọ́, ó ń wo ẹnu rẹ̀.

— Àǹtí, inú rẹ̀ funfun o. Ẹ wo ibi tí mo gé.

— Irú igi yẹn ni. Àwọn kan wà tí kì í pọ́n dénú.

— Ṣé ó ti jinná ṣá?

— Ó ti jinná.

Káfíńtà gé èyí tó kù.


4.

Ẹ má wá èkíní àti èkejì. Wọn ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí mo ṣe bá àwọn ègé wọ̀nyí ni mo ṣe tò wọ́n, ibi tí mo bá sì ti ṣì í sọ, màá padà síbẹ̀.

Alásè ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á rò pé oúnjẹ ló ń sè, á sì máa fi imú wá òórùn kiri. Igi ló ń sè. Àwọn àlejò tó bá béèrè ohun tó wà lórí iná, ó máa ń dá wọn lóhùn pé pákó ni, kí wọ́n gbé àwo wọn padà sílé. Ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà kí irun rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Kò sí iṣẹ́ mìíràn tó mọ̀, kò sì wá òmíràn rí.

Ilé iṣẹ́ náà kò tóbi. Ibi tí wọ́n ń to pákó sí wà lápá kan, ibi tí Káfíńtà ti ń gé e, tó ń fá a, wà lápá kejì. Àárín méjèèjì ni ààrò wà: yàrá onírin kan báyìí tí kò ní fèrèsé, tó ní ilẹ̀kùn wíwúwo. Wọ́n á fi ọmọlanke ti pákó wọ inú rẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á dáná sí i lábẹ́, wọ́n á sì máa fọ́n èéfín omi sínú rẹ̀ kí igi má baà gbaná. Alásè ló ń sọ ìgbà tí wọ́n á pa iná. Alásè náà ló ń sọ pé pákó yìí lè lọ, pé kí tọ̀hún padà síbi tó ti wá.


5.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iná ń ṣe nínú igi, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí dá lé.

Igi tí a kò tíì sè kún fún omi àti oje. Ó wúwo. Ooru máa ń rọ́nà sáré nínú rẹ̀. Tí ẹ bá gbé e sí yàrá gbígbóná, á mu ooru yó, á wá dúró dè yín. Ẹ kàn jókòó lé e, gbogbo ohun tó ti mu ló máa dà sí yín lára lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí tí a bá sè dójú ìwọ̀n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oje rẹ̀ á ti gbẹ tán. Á fúyẹ́, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú láti ẹ̀yìn dé inú. Ibi tí oje wà tẹ́lẹ̀ á di ihò kéékèèké, afẹ́fẹ́ nìkan ló máa wà níbẹ̀. Ooru kì í rọ́nà sáré nínú irú igi yẹn mọ́. Ìwọ̀nba ló lè gbà, ìwọ̀nba náà ló lè fún èèyàn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi í kan bẹ́ńṣì sí yàrá ooru, níbi tí àwọn arúgbó ti máa ń jókòó kí oríkèé wọn lè rọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń ṣẹ́ wẹ́rẹ́. Káfíńtà ń bú u lójoojúmọ́, ó ní tí èèyàn bá ti fi ìṣó hàn án báyìí, ó ti là.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ó jinná? Àwọ̀ ò tó. Ẹ̀yìn pákó lè pọ́n kí inú rẹ̀ má tíì gbọ́ nǹkan kan, àwọn igi kan sì wà tí kì í pọ́n bí ẹ tilẹ̀ sè wọ́n dọ̀la. Ẹ̀rọ tó wà lára ààrò ò tó, afẹ́fẹ́ inú ààrò ló ń wọ̀n. Ní ilé iṣẹ́ yìí, ọwọ́ ni wọ́n ń lò. Wọ́n á jẹ́ kí pákó tutù sábẹ́ òjìji títí ilẹ̀ á fi mọ́. Káfíńtà á fá ojú rẹ̀, Alásè á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Èyí tí kò jinná á máa fa ooru ọwọ́ rẹ̀ lọ, á tutù sí i lọ́wọ́. Èyí tó jinná ò ní fa nǹkan kan. Á dà bí àga tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

Tó bá tutù, a dá a padà. Tí kò bá tutù, ó ti jinná. Òfin wọn ò jù báyẹn lọ.


6.

[Lára ògiri, lẹ́bàá ìkòkò omi mímu]

ÌKÉDE
Ẹ KÚ IṢẸ́ O, GBOGBO ÒṢÌṢẸ́.
LÁTI ÌBẸ̀RẸ̀ ÒJÒ ỌDÚN YÌÍ
KÒ TÍÌ SÍ PÁKÓ KAN ṢOṢO
TÍ A DÁ PADÀ SÍ ÀÀRÒ.
IRÚ ÈYÍ KÒ ṢẸLẸ̀ RÍ.
ALÁSÈ, ỌWỌ́ RẸ Ò NÍ RỌ.
                    — Ọ̀GÁ

[Ẹnìkan ti ya ṣíbí ńlá kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo wọn mọ̀ pé Káfíńtà ni.]


7.

Kò sí pákó kan tó tutù.


8.

Àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ yìí wá sọ́dọ̀ Alásè láti ọ̀dọ̀ Àbúrò rẹ̀. Òun àti Ìyá wọn ni wọ́n jọ ń gbé. Àtọ̀gbẹ ti ń bá Ìyá fínra tipẹ́, eékún sì ń dùn ún, Àbúrò ló máa ń mú un lọ sí ilé ìtọ́jú oríkèé.

    Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀. Wọ́n ti kan bẹ́ńṣì tuntun sí yàrá ooru wọn. Ilé iṣẹ́ yín ló ti wá!! Mo ti sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ̀gbọ́n mi ló sè é. Ó ní ṣé wọ́n ń se igi ni.

    Ìyá ní kí n kí yín. Igun tó sún mọ́ iná ló yàn, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó síbẹ̀ mọ́.

    Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń ráhùn pé bẹ́ńṣì ń jó òun nídìí. Ìyá ní ẹ má dá a lóhùn, pé tí wọ́n bá gbé bàbá yẹn sórí tìmùtìmù, á ní ó le.

    Ìyá ní òun ò tiẹ̀ gbọ́ ooru kankan lábẹ́ òun. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Alásè dá a lóhùn:

    O ṣé. Bá mi kí i.

Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ yẹn. Ó ka èyí tó kẹ́yìn sókè fún Káfíńtà, Káfíńtà sì fi òòlù lu tábìlì bí ẹni ń pàtẹ́wọ́.


9.

Òórùn ló kọ́kọ́ gbọ́.

Ilé ìdáná rẹ̀ ló wà, ó ń gbé kẹ́túlù kúrò lórí iná, ó ń ronú nípa nǹkan mìíràn. Òórùn bí irun tó ń jóná dé imú rẹ̀. Ó wo aṣọ rẹ̀, ó wo aṣọ ìdìkòkò tó wà lórí ìṣó níbi tó máa ń wà. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tó di irin kẹ́túlù náà mú ṣinṣin.

Ó gbé e sílẹ̀. Awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti funfun, ó ti ń wú. Kò dùn ún. Ó dúró de ìrora náà bí ẹni tó ń dúró de àlejò tó ti kan ilẹ̀kùn. Kò wá.

Ó gbé ọwọ́ náà lé ògiri. Ó gbé e lé abala ilẹ̀kùn. Ó rì í bọ inú omi tútù. Ìkan náà ni gbogbo wọn. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ náà ti ń ṣe é bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí rẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí èèrà náà ti lọ. Ó rò pé ó ti sàn ni. Ó tilẹ̀ dúpẹ́.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná. Ọwọ́ tó ti kú kì í mọ òtútù. Gbogbo pákó tí wọ́n bá gbé fún un, jíjinná ni. Ó lè gbé e lé òkúta, á ní òkúta ti jinná.

Bẹ́ńṣì.

Orí bẹ́ńṣì yẹn ni Ìyá ń jókòó lé.


10.

Ibi iṣẹ́. Ó ní kí Káfíńtà wá bá òun ṣeré kan. Ó fi aṣọ dí ojú.

KÁFÍŃTÀ: Mo ti gbé e síwájú yín.
ALÁSÈ: Èyí jinná.
KÁFÍŃTÀ: Èyí ńkọ́?
ALÁSÈ: Ó jinná.
KÁFÍŃTÀ: Hẹn-ẹn. Èyí?
ALÁSÈ: Òun náà.
KÁFÍŃTÀ: (ó ń rẹ́rìn-ín) Àǹtí, ẹ fẹ́ràn yẹ̀yẹ́.
ALÁSÈ: Kí ló dé?
KÁFÍŃTÀ: Ìkẹta yẹn kì í ṣe igi. Irin ayùn mi ni.
ALÁSÈ: (ó tú aṣọ ojú rẹ̀, ó wo ayùn náà)
KÁFÍŃTÀ: Àǹtí?
ALÁSÈ: Mo mọ̀. Mo kàn ń fi ọ́ ṣeré ni.
KÁFÍŃTÀ: Mo mọ̀ pé eré ni.

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé ayùn rẹ̀ padà síbi iṣẹ́, ó sì ń nù ún, bẹ́ẹ̀ ayùn náà ò dọ̀tí.

Ọwọ́ òsì ńkọ́? Ó dán an wò nígbà tí Káfíńtà lọ tán. Òsì ṣì mọ òtútù díẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọ́ iṣẹ́ náà rí. Tó bá gbé e lé pákó kan, á ní ó tutù. Tó bá gbé e kúrò, tó tún gbé e padà sórí rẹ̀, á ní òun ò mọ̀.


11.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ó lọ bá Ọ̀gá, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi ìkan pamọ́.


11.

Rárá. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Ó lọ bá Ọ̀gá lóòótọ́.

Ọ̀GÁ: Alásè! Ìwọ gan-an ni mò ń wá. Jókòó, jókòó.
ALÁSÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ní kí n—
Ọ̀GÁ: Ilé ìtọ́jú mìíràn ti gbọ́ nípa wa. Wọ́n fẹ́ kan bẹ́ńṣì sí yàrá ooru wọn, láti ògiri dé ògiri. Wọ́n ní ẹ̀rọ wo la fi ń yẹ igi wò. Mo ní ẹ̀rọ kẹ̀? Ẹ̀rọ tèmi ń jẹun, ó ń sùn, ó sì máa ń ta kò mí.
ALÁSÈ: Ọ̀gá, ọwọ́ yìí…
Ọ̀GÁ: Kí ló ṣe é? Há! Iná jó ọ ni?
ALÁSÈ: Kẹ́túlù ni, sà.
Ọ̀GÁ: Pẹ̀lẹ́ o. Fi nǹkan sí i. Ṣé kò ní dí iṣẹ́ lọ́wọ́?

Ọ̀gá kì í ṣe èèyàn burúkú. Ì bá sàn tó bá jẹ́ èèyàn burúkú. Ó ti dìde lórí àga, ó ń wo ọwọ́ náà, ìyọ́nú hàn lójú rẹ̀, ó sì ń retí ìdáhùn kan ṣoṣo.

ALÁSÈ: Kò ní dí i lọ́wọ́, sà.

Ó jáde.


12.

Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ lọ́nà ilé:

    pé ó lè jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ jinná lóòótọ́, pé òun ti ń se igi tipẹ́, ó yẹ kí ìgbà kan wà tí èèyàn á sè é tí kò ní bàjẹ́

    pé lóòótọ́ ilẹ̀kùn ààrò ò pa dé dáadáa mọ́, atẹ́gùn ń wọlé, ṣùgbọ́n pákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà nìkan ló lè kan

    pé èwo ló wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn

    pé àárín rẹ̀ funfun

    pé irú igi yẹn ni

    pé wọ́n máa ń tẹ́ aṣọ ìnura kí wọ́n tó jókòó

    pé bàbá yẹn, aráhùn ni

    pé tó bá ń jó o, Ìyá á pariwo


13.

Ìyá ò ní pariwo.

Ní gbogbo ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ yẹ ẹsẹ̀ Ìyá wò, á ní kí ó wo òkè, á fi ẹnu abẹ́rẹ́ kan ọmọ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì béèrè pé, "Màmá, ṣé ẹ gbọ́ eléyìí?" Ìyá kì í wo òkè. Ojú nọ́ọ̀sì ló máa ń wò. Ìpéǹpéjú nọ́ọ̀sì náà máa ń mì díẹ̀ nígbà tó bá kan abẹ́rẹ́ mọ́ ọn, Ìyá á sì dáhùn kíá pé, "Mo gbọ́ ọ."

Kò gbọ́ nǹkan kan. Láti ẹsẹ̀ dé itan, kò gbọ́ nǹkan kan. Ìdí tó fi ń pa á mọ́ ò ṣòro. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ẹnìkan tó mọ̀. Ó rò pé tí òun bá ti sọ ọ́ báyìí, àwọn ọmọ òun á bẹ̀rẹ̀ sí í wo òun bí ẹni ń wo ẹrù tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n á gbé e sí. Ó fẹ́ràn yàrá ooru nítorí ó máa ń rí òógùn ní apá rẹ̀, ó sì ń fìyẹn mọ̀ pé ara òun ṣì ń ṣiṣẹ́.

Alásè ò mọ gbogbo èyí. Ohun tó mọ̀ ò ju pé Ìyá ní òun ò gbọ́ ooru lọ.


14.

[Àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí kò fi ránṣẹ́ sí Àbúrò]

    Àbúrò mi, má mú Ìyá lọ síbẹ̀ lọ́la, nítorí

    Ṣé o ti wo itan Ìyá láìpẹ́ yìí? Bá mi wò ó bóyá

    Ṣé Ìyá máa ń tẹ́ aṣọ ìnura, àbí

    Ọwọ́ mi

Èyí tó fi ránṣẹ́:

    Ṣé àlàáfíà ni Ìyá wà?

Ìdáhùn:

    Àlàáfíà ni o, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń kọrin. Ó ní kí nọ́ọ̀sì jẹ́ kí òun máa pẹ́ sí i nínú yàrá yẹn, nítorí bẹ́ńṣì yín.


15.

[Lára ilẹ̀kùn yàrá ooru]

Ẹ BỌ́ BÀTÀ SÍTA
Ẹ TẸ́ AṢỌ ÌNURA KÍ Ẹ TÓ JÓKÒÓ
Ẹ MÁ PẸ́ JÙ
TÍ ARA YÍN BÁ Ń GBÓNÁ JÙ, Ẹ PE NỌ́Ọ̀SÌ

Ta ni yóò pe nọ́ọ̀sì bí ara rẹ̀ kò bá sọ fún un?


16.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kí Káfíńtà sọ fún Ọ̀gá pé òun lọ tọ́jú ọwọ́.

Nígbà tí Alásè ti fẹ́ dé ẹnu ọ̀nà, Káfíńtà pè é padà.

— Àǹtí. Pákó inú funfun yẹn.

— Kí ló ṣe é?

— Mo gé díẹ̀ nínú rẹ̀ pamọ́. Mo gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lánàá. (Ó wo ilẹ̀.) Èmi ò mọ̀ ọ́n bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n.

— Ó tutù?

— Mi ò mọ̀ ọ́n, Àǹtí.

— Mo ní ṣé ó tutù?

Ó mi orí. Mi ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ló ń sọ tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, torí Alásè ò dúró wò ó parí.


17.

Ó sáré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹsẹ̀ sísá mọ́, ṣùgbọ́n ó sáré lọ sí ilé ìtọ́jú oríkèé. Ó kọjá ilé tí wọ́n ń kùn, ó kọjá àwọn tó ń dúró de ọkọ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọjá. Lọ́kàn rẹ̀, ó ń ka ọ̀nà tó lè gbà sọ ọ́. Tó bá sọ ọ́, wọ́n á tú gbogbo bẹ́ńṣì. Wọ́n á dá Ọ̀gá lẹ́jọ́. Ẹnikẹ́ni ò ní gbé pákó fún un mọ́ láyé, nítorí kí ni alásè tí ọwọ́ rẹ̀ ti kú fẹ́ máa ṣe níbi iṣẹ́, kí ó máa gbálẹ̀ ni? Ẹ̀rù ìyẹn bà á. Mi ò ní purọ́ pé kò bà á. Ó bà á débi pé ó dẹ́kun sísá nígbà kan, ó dúró sójú ọ̀nà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, àwọn èèyàn ń yà fún un.

Lẹ́yìn náà ó rántí pé Ìyá ti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí òun máa pẹ́ níbẹ̀.

Ó tún sáré.


18.

Nọ́ọ̀sì pàdé rẹ̀ níbẹ̀, ó rí i pé ó jọ Ìyá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n tó ń se igi!" Alásè ṣí ilẹ̀kùn yàrá ooru, ó wọlé.

Ooru kọlù ú lójú. Yàrá kékeré ni, iná wà ní igun kan nínú àgò onírin, bẹ́ńṣì yí ògiri ká. Ó mọ àwọn pákó náà bí ìyá ṣe ń mọ ọmọ rẹ̀ láàárín èrò. Bàbá aráhùn wà níbẹ̀. Kò jókòó, ó dúró sáàárín yàrá, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú, òógùn bò ó. Ìyá wà ní igun tirẹ̀, aṣọ ìnura pélébé kan lábẹ́ rẹ̀, ó dijú.

ALÁSÈ: Màámi, ẹ dìde.
ÌYÁ: Ta nìyẹn? Ah! O ò tiẹ̀ lè kí èèyàn.
ALÁSÈ: Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde níbẹ̀.
ÌYÁ: Ṣẹ̀ṣẹ̀ ni ara mi ń rọ̀. Wá jókòó tì mí.
ALÁSÈ: Ṣé abẹ́ yín ò gbóná?
ÌYÁ: Ìwọ lo sè é. Báwo ló ṣe máa gbóná?
BÀBÁ: Mo ti ń sọ ọ́ fún wọn.
ÌYÁ: Ẹ dákẹ́ o jàre.
NỌ́Ọ̀SÌ: (láti ẹnu ọ̀nà) Kí ló ṣẹlẹ̀?

Alásè gbé ọwọ́ ọ̀tún lé pákó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan Ìyá. Mi ò mọ ìdí tó fi ṣe é. Àṣà ni, bóyá. Ó dijú, ó mí kanlẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe.

Kò sí nǹkan kan.


19.

Ó wá sọ ọ́. Ó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì ni, ṣùgbọ́n Ìyá ló ń wò.

— Ọwọ́ mi ti kú. Ó ti pẹ́ tó ti kú. Òun ni mo fi yẹ gbogbo pákó yìí wò. Mi ò mọ èyí tó jinná nínú wọn, mi ò mọ èyí tí kò jinná, tí kò bá jinná á jó èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé wọn dìde.

Iná ń ta pàrà nínú àgò.

— Ọwọ́ wo? Ìyá ní.

— Ọ̀tún.

— Ṣé èèrà ló kọ́kọ́ ń rìn níbẹ̀?

— Ìyá, ta ló sọ fún yín?

Ìyá na ọwọ́, ó gba ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó yí i padà, ó wo ibi tí kẹ́túlù ti jó o. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín gan-an níbi tó wú, ó sì ń wo ojú Alásè. Ìpéǹpéjú Alásè ò mì. Ojú Ìyá wá yí padà.

— Kí ló dé tó ò sọ fún mi?

— Ẹ̀yin ńkọ́, mà? Kí lẹ sọ fún wa?

Nọ́ọ̀sì ti wọlé dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì.

— Màmá, ó ní, abẹ́rẹ́ tí mo máa ń fi kàn yín lẹ́sẹ̀. Ṣé ẹ máa ń gbọ́ ọ?

— Ojú rẹ ni mo máa ń wò, ọmọ mi.

Bàbá aráhùn fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì ráhùn. Nọ́ọ̀sì tẹ̀ síwájú, ó na apá rẹ̀ sí Ìyá.

— Ẹ dì mí mú. Ẹ rọra dìde.


20.

Ìyá dìde.

Aṣọ ìnura náà bá a dìde. Ó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn itan, ó ń so rọ̀, apá ibi tó lẹ̀ náà dúdú ju ibi tó kù lọ.

— Òógùn ni, Ìyá ní. Ẹ má dá ara yín lágara. Kò dùn mí rárá. Òógùn lásán ni.

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn kí ó fà á. Alásè náà na ọwọ́ sí i.

— Ẹ má fà á, nọ́ọ̀sì ní. Ẹnikẹ́ni má fà á.